Ọṣẹ Tí Hetty Blenkin Fi Wẹ Òkú Garsby

Hetty Blenkin kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ní wọ́ọ̀dù àwọn arúgbó aláìlẹ́nìkan, nínú ilé ìwòsàn ìgbìmọ̀ ìlú tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ gáàsì. Ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin ni. Ọjọ́rú ni wọ́n sin ín. Ọjọ́bọ̀ ni èmi gbọ́, nígbà tí yẹ̀pẹ̀ ti bò ó tán. Wọn kò wẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, mo mọ̀ pé ọwọ́ yín ti dúró lórí ife tíì báyìí. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé yín. Obìnrin yìí fi ọgbọ̀n ọdún wẹ òkú àdúgbò Ropery. Ó wẹ bàbá yín, ó wẹ ìyá yín, ó wẹ ìyá tèmi náà. Nígbà tó kan òun, aṣọ àwọ̀sùn ilé ìwòsàn tó fi kú náà ni wọ́n fi wọ́ ọ sínú pósí pákó tí ẹnikẹ́ni kò fá, wọ́n sì gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ odi itẹ́ òkú, níbi tí wọ́n ń sin àwọn tí kò sẹ́ni tó wá bèèrè wọn. Kò sí òkúta níbẹ̀. Igi kékeré kan ni wọ́n rì mọ́lẹ̀, nọ́ńbà ló wà lára rẹ̀. Àwọn àgbà ní bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Òótọ́ ni. Àwọn tí ọ̀bẹ náà ti gbẹ́ tiwọn fún ló yẹ kó gbẹ́ tirẹ̀, níbo la wà?

Mo lọ sí wọ́ọ̀dù náà. Obìnrin tó ń ṣàbójútó ibẹ̀ kì í ṣe èèyàn burúkú, ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ̀wù òtútù ló wọ̀ sórí aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀.

Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ kò fi wẹ màmá yẹn?"

"Ọ̀gá, ṣé ẹ ò rí yìnyín níta ni? Gbogbo omi ló ti dì nínú páìpù. Èédú tá a máa fi yọ́ ọn ò sí. Ọṣẹ tí wọ́n fún wa lóṣù yìí, àwọn tó ń mí gan-an ò rí i tó."

"Ẹ ò ránṣẹ́ sí ẹnì kankan?"

"Ìwé wọn sọ pé wọn ò lẹ́nìkan."

"Ta ló kọ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé wọn?"

Ó wo ìwé náà títí. "Ọ́fíìsì ìgbìmọ̀ ló kọ ọ́, sà. Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn."

Ẹ gbọ́ o. Ilẹ̀ tó dì bí òkúta, ìgbìmọ̀ ìlú rí àwọn ọkùnrin mẹ́rin pẹ̀lú dígà tó gbẹ́ ẹ. Omi tó dì nínú páìpù, wọn kò rí ẹni tó máa yọ́ ọn. Nell Garbutt, tó bá a ṣe aládùúgbò fún ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, máa ń lọ wò ó ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi pẹ̀lú búrẹ́dì tí ó fi ọ̀rá ẹran pa. Nígbà tí yìnyín dá bọ́ọ̀sì dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì ni kò lè lọ. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni Hetty fi wà láìrí ojú tó mọ̀, ọ̀sẹ̀ méjì náà ló sì tó fún ìlú Garsby láti pè é ní aláìlẹ́nìkan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín.

Ọkọ rẹ̀, Walter, bá ọkọ̀ ìpẹja lọ sójú òkun ní ọdún 1911, òkun kò sì dá a padà. Ó sọ fún ìyá mi nígbà kan pé, "Lizzie, n ò rí tèmi wẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí n máa wẹ tàwọn ẹlòmíì." Kò kàwé púpọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ tóbi, ó pọ́n, ó sì máa ń gbóná nígbà gbogbo. Ọwọ́ yẹn ló fi gba ìdajì àwọn ọmọ Ropery jáde nínú ìyá wọn, ọwọ́ yẹn náà ló fi ń pa ojú àwọn bàbá wọn dé. Kò gbà ju ife tíì kan lọ. Bí ẹ bá fi ṣúgà méjì sí i, ó máa kí yín dáadáa.

Nínú gbogbo ilé ní Ropery, dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ pátápátá nínú kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ kì í ṣe ti alààyè. Aṣọ funfun kan máa ń wà níbẹ̀, àti ìbọ̀sẹ̀ funfun, àti kọ́bọ̀ méjì tí wọ́n máa gbé lé ojú òkú kó má baà là. Ilé lè má rí ẹran jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹnì kankan kì í fọwọ́ kan dúrọ́ọ̀ yẹn. Hetty mọ dúrọ́ọ̀ ilé gbogbo. Bó bá wọlé lẹ́yìn tí ẹnì kan kú, kì í bèèrè ibi tí nǹkan wà, á kàn bẹ̀rẹ̀, á ṣí i.

Ọdún 1938 ni ìyá mi kú. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mò ń gbọ́ ohùn Hetty látinú yàrá. "Gbápá sókè díẹ̀ fún mi, Lizzie. Ó tó. Ṣé omi náà ò gbóná jù?" Mo rò pé orí rẹ̀ ti dàrú ni. Mo kanlẹ̀kùn.

"Àǹtí Hetty, ta lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ìyá ẹ ni. Àbí o fẹ́ kí n máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún bí àpò pòtétò, kí n má kí i? Lọ gbé tíì kaná, jàre. Ojú ẹ ti wú jù."

Mo lọ gbé tíì kaná. Nígbà tí mo padà dé, ìyá mi dà bí ẹni tó fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkàn mi balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tí obìnrin yẹn ṣe fún mi nìyẹn, ẹ sì máa rí ohun tí èmi fi san án fún un.

Ogun dé, ìjọba sì bá a wọlé. Wọ́n sọ bí tíì wa ṣe máa pọ̀ tó lọ́sẹ̀, wọ́n sọ bí omi ìwẹ̀ wa ṣe máa jìn tó, wọ́n sọ àwọ̀ tí búrẹ́dì máa ní. Wọ́n ní ká fi aṣọ dúdú bo fèrèsé kí ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá má baà rí iná wa, a bò ó. Wọ́n wá gé irin ẹnu ọ̀nà wa lọ fi rọ ohun ìjà, a dúró, à ń wò wọ́n. A kò janpata, ọ̀tá wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ní oṣù Kejì ọdún 1942, wọ́n fi ọṣẹ náà sínú ìwé ìpín, ìwé tí ìjọba fún olúkúlùkù láti fi ra ìwọ̀nba tó tọ́ sí i. Onísọ́ọ̀bù á gé kúpọ́ọ̀nù rẹ, á fún ọ lọ́ṣẹ, ó parí títí di oṣù tó ń bọ̀. Ìyẹn náà, a gbà á. Ẹni tó mọ̀ pé àwọn ọkọ̀ ojú omi ń rì nítorí ọ̀rá tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ kì í ráhùn nítorí ọrùn ẹ̀wù tó dọ̀tí.

Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣètò gbogbo èyí fún wa ṣètò fún òkú wa náà. Ìgbìmọ̀ ìlú Garsby ti kó kanfáàsì tí wọ́n máa fi wé òkú pamọ́, wọ́n ti kó ike tí wọ́n máa kọ nọ́ńbà sí, wọ́n ti wọn ilẹ̀ ibi tí wọ́n máa gbẹ́ kòtò gígùn sí. Gbogbo nǹkan ni wọ́n rò. Ọṣẹ nìkan ni kò sí ẹni tó rántí. Wọn kò tíì wẹ òkú rí láyé wọn, ẹ dárí jì wọ́n. Àwọn Hetty ló ń bá wọn wẹ̀ ẹ́.

Nínú oṣù Karùn-ún ọdún yẹn ni bọ́ǹbù wó Ropery. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, èèyàn mẹ́tàlélógójì ni wọ́n ti tẹ́ sílẹ̀ nínú adágún ìwẹ̀ ìlú, lórí táìlì funfun, níbi tí gbogbo wa ti kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Wọ́n ti fa omi rẹ̀ gbẹ láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: ilé ìwẹ̀ ni, páìpù wà lára ògiri yíká, kò sì sí ẹyọ ọṣẹ kan níbẹ̀.

Ẹni tí ilé wó pa kì í dà bí ẹni tó kú sórí bẹ́ẹ̀dì. Eérú dúdú inú ihò èéfín máa ń já bọ́ pẹ̀lú ilé, ó lọ́ràá, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ ara pẹ̀lú ẹfun ògiri. Omi tútù nìkan kò lè ṣí i, ńṣe ló ń tàn án kálẹ̀. Obìnrin arúgbó àti ọmọbìnrin ogún ọdún, ojú kan náà ni wọ́n ní. Àwọn obìnrin tí wọ́n ṣẹ́ kù ní Ropery kó èérún ọṣẹ tó wà nínú ilé wọn wá, àwọn míràn wú tiwọn jáde nínú àlàpà. Hetty fi wọ́n wẹ̀ títí tí gbogbo rẹ̀ fi tán. Ó ku èèyàn mọ́kànlá tí ẹnì kankan kò dá mọ̀. Àṣẹ ìgbìmọ̀ sì ni pé ẹni tí wọn kò bá tíì dá mọ̀ títí di ọjọ́ Ẹtì, nọ́ńbà rẹ̀ ni wọ́n máa fi sin ín sínú kòtò gígùn yẹn.

Hetty wá lọ sí ọ́fíìsì ìwé ìpín. Ọ̀gbẹ́ni Pomfret ló wà nídìí tábìlì. Mi ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n Pomfret fúnra rẹ̀ ló tò ó sílẹ̀ fún adájọ́ lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ìgbéraga, bí ẹni tó ń ka ẹsẹ Bíbélì.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Ọṣẹ ni mo wá gbà."

"Ìwé ìpín yín ńkọ́?"

"Kì í ṣe fún mi, sà. Fún àwọn tó wà nílé ìwẹ̀ ni."

"Àwọn wo nìyẹn?"

"Àwọn òkú, sà."

Ó ní òun gbé gègé òun sílẹ̀. "Màdáámú, òkú ò ní ìpín. Bí èèyàn bá ti kú, ẹ dá ìwé rẹ̀ padà síbí. Òfin nìyẹn."

"Mo mọ̀ pé a máa dá a padà. Ká tó dá a padà ńkọ́?"

"Kò sí 'ká tó' kankan nínú ẹ̀."

"Sà, ojú wọn dúdú. Àwọn ìyá wọn ń kọjá lára wọn, wọn ò dá wọn mọ̀."

"Ẹ kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá wa. Fọ́ọ̀mù wà lórí tábìlì yẹn. Láàrin ọjọ́ mọ́kànlélógún, wọ́n á fún yín lésì."

Ọjọ́rú ni ọ̀rọ̀ yìí wáyé. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n máa bo kòtò.

Àwọn obìnrin wa kì í wọ ihò ààbò tí a ń sá sí nígbà bọ́ǹbù láìmú báàgì dání. Inú báàgì yẹn ni ìwé ìpín gbogbo ilé máa ń wà, àti fọ́tò, àti lẹ́tà àwọn ọmọ tó wà lójú ogun. Bọ́ǹbù ti fọ́n báàgì síbì kan, ó fọ́n èèyàn síbòmíràn. Àwọn òṣìṣẹ́ kó báàgì jọ sórí àga kan nílé ìwẹ̀. Orúkọ wà lórí àga, ojú wà nílẹ̀, ìdọ̀tí ló sì wà láàrin àwọn méjèèjì. Hetty mú ìwé ìpín mẹ́sàn-án nínú báàgì wọ̀nyẹn, ó lọ bá onísọ́ọ̀bù. Onísọ́ọ̀bù náà wo àwọn orúkọ tó wà lórí ìwé, ó wo ojú Hetty, ó gé kúpọ́ọ̀nù ọṣẹ, ó gbé ọṣẹ fún un. Hetty kò ra tíì. Kò ra ṣúgà. Kò ra bọ́tà.

Ó padà, ó kúnlẹ̀ sórí táìlì, ó bẹ̀rẹ̀ sí wẹ̀ wọ́n.

Nell Garbutt ti gba ibẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mẹta láti àná, ó ń wá Connie, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gé tíkẹ́ẹ̀tì nínú ọkọ̀ tíráàmù. Hetty pè é.

"Nell, wá wo ẹni yìí."

"Mo ti wò ó. Kì í ṣòun."

"Wá tún un wò. Mo ti wẹ̀ ẹ́."

Nell wá. Àpá kan wà lábẹ́ àgbọ̀n ọmọ náà, èyí tó gbà nígbà tó ṣubú lórí àtẹ̀gùn èbúté ní ọmọ ọdún méje. Nell jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Connie, látàná ni mo ti ń pè ọ́." Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Hetty fún un ní aṣọ ìnura, ó ní kó bá òun nu irun ọmọ náà, kí òtútù má mú un. Àwọn méjèèjì jọ ṣe é. Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, gbogbo àwọn mọ́kànlá náà ló ti ní orúkọ.

Ibi tí àṣìṣe Hetty wà nìyí, ẹ sì fi gbogbo ara gbọ́ ọ. Òfin sọ pé kí wọ́n dá ìwé òkú padà, òun náà sì jẹ́ ẹni tó ń pa òfin mọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìsìnkú, ó fi okùn aṣọ funfun di ìwé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, ó gbé e lọ fún Pomfret lọ́wọ́ ara rẹ̀. Olè wo lẹ rí tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí? Bó bá sọ wọ́n sínú iná, ta ló máa mọ̀? Ìwé ọgọ́rùn-ún ló ti jóná pẹ̀lú ilé. Pomfret yẹ̀ wọ́n wò.

"Ta ló gé kúpọ́ọ̀nù ọṣẹ tó wà níbí?"

"Onísọ́ọ̀bù ni, sà. Èmi ni mo mú un lọ."

"Lẹ́yìn tí wọ́n ti kú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Kí wọ́n tó kú, wọn ò tíì dọ̀tí."

Wọ́n gbé e lọ sí kóòtù. Àǹtí wa, ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, dúró nínú àpótí ẹlẹ́jọ́ pẹ̀lú fìlà tó máa ń dé lọ sí ìsìnkú. Adájọ́ bi í bóyá ó jẹ̀bi tàbí kò jẹ̀bi. Ó ní, "Ọṣẹ wọn ni, Olúwa mi. Àwọn náà ni mo fi wẹ̀. N ò fọwọ́ kan tíì wọn." Adájọ́ ní bí ẹ̀mí bá ti bọ́ lára èèyàn báyìí, ìpín rẹ̀ ti di ti ìjọba, pé bí gbogbo wa bá bẹ̀rẹ̀ sí ná ìpín òkú, ogun á bọ́ lọ́wọ́ wa. Ó fún un ní ẹ̀wọ̀n oṣù kan. Ìjọba ń bẹ̀rù pé obìnrin tó ń kúnlẹ̀ wẹ òkú máa jẹ́ kí ogun bọ́! Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, wọ́n ní. Tiwa jó, ẹni tó ń pọn omi sí i ni wọ́n dè lókùn.

Mo wà ní kóòtù lọ́jọ́ náà. Orí bẹ́ǹṣì àwọn oníwèé ìròyìn ni mo jókòó sí, mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ gbogbo rẹ̀: iye òkú, ilé ìwẹ̀, ojú dúdú, Connie, okùn aṣọ funfun. Mo gbé e lọ fún ọkùnrin tó ń yẹ ìròyìn wò kí ọ̀tá má baà rí àṣírí kọ́. Ó fi pẹ́ńsùlù búlúù pa iye òkú rẹ́. Ó pa ilé ìwẹ̀ rẹ́, nítorí a kò gbọ́dọ̀ sọ ibi tí a ń kó òkú sí. Ó pa Ropery rẹ́, ó pa ọjọ́ rẹ́, ó pa ohun tí Hetty fi ọṣẹ náà ṣe rẹ́, nítorí kò sí bí èèyàn ṣe lè sọ ọ́ láìsọ pé òkú wa pọ̀. Ohun tó kù ni pé obìnrin kan ní ìlú kan fi ìwé ìpín àwọn òkú ra ọṣẹ, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n.

Àkọlé ìròyìn náà ni "Ó JA ÒKÚ LÓLÈ." Kì í ṣe ọkùnrin pẹ́ńsùlù búlúù ló kọ ọ́. Kì í ṣe olóòtú. Èmi ni. Mo kọ ọ́ nítorí pé ó wọ àyè tó ṣẹ́ kù lójú ìwé.

Ropery mọ òtítọ́, ṣùgbọ́n Ropery ti di àlàpà, wọ́n ti pín àwọn èèyàn rẹ̀ káàkiri ìlú sí yàrá àwọn àjèjì. Ìyókù Garsby ka ohun tí mo kọ. Nígbà tí Hetty tẹ̀wọ̀n dé pẹ̀lú ikọ́ tí kò fi í sílẹ̀ mọ́ títí tó fi kú, ẹnì kan ti fi ẹfun kọ ọ̀rọ̀ sára ilẹ̀kùn yàrá tí wọ́n fún un ní òdìkejì odò. Ìgbìmọ̀ ní kò gbọ́dọ̀ dé ilé ìwẹ̀ mọ́. Bí ẹnì kan bá kú ní àdúgbò tuntun yẹn, wọn kì í pè é. Mo pàdé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lórí ìlà àwọn tó fẹ́ ra ẹja, ní ọdún 1944. Ojú tì mí, mo fẹ́ yà. Ó rí mi.

"Ọmọ Lizzie, o ti rù. Ṣé o ń jẹun?"

"Mò ń jẹ, Àǹtí."

"Irọ́ lò ń pa. Ìyá ẹ ò ní fẹ́ràn ẹ̀." Ó fi mí síwájú rẹ̀ lórí ìlà.

Mi ò tọrọ àforíjì. Mo ń sọ fún ara mi pé ogun ṣì wà, pé pẹ́ńsùlù búlúù ṣì wà. Ogun parí. Ó ti di ọdún méjì báyìí tí kò sí ẹni tó ń yẹ ohun tí mò ń kọ wò, mi ò sì kọ ọ́. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Bí ẹ bá ń wá ẹni tó ja òkú lólè ní Garsby, ẹ mọ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi tèmi kò fọ tiyín mọ́, ẹ̀yin ìgbìmọ̀. Ta ló kọ "aláìlẹ́nìkan" sínú ìwé rẹ̀? Ta ló fọwọ́ sí i kí wọ́n sin ín láàrin ọjọ́ méjì, láìfi í sínú ìwé ìròyìn, láìkan ilẹ̀kùn kan? Ọ́fíìsì yín ní àdírẹ́sì Nell Garbutt. Oṣooṣù lẹ̀ ń fi ìwé ránṣẹ́ sí i. Ẹ mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù tó ń bọ̀, wọ́n máa ṣí aṣọ lójú pátákó idẹ kan ní gbọ̀ngàn ìlú. Orúkọ àwọn mẹ́tàlélógójì wà níbẹ̀. Lábẹ́ wọn, orúkọ àwọn tó "sin ìlú ní àkókò ìpọ́njú" wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo ti rí i. Ọ̀gbẹ́ni Pomfret wà níbẹ̀, ó tilẹ̀ ti gba àmì ẹ̀yẹ. Ọkùnrin tó fún wa ní kanfáàsì wà níbẹ̀. Ọkùnrin tó wọn ilẹ̀ kòtò wà níbẹ̀. Hetty Blenkin kò sí níbẹ̀.

Nell gbọ́ ikú náà lẹ́nu mi. Kò sunkún lójú mi. Ó wọ bàtà òjò rẹ̀, ó ní kí n tẹ̀lé òun, a fẹsẹ̀ rìn nínú yìnyín lọ sí gbọ̀ngàn ìlú. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ jáde sí wa.

Nell ní, "Mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ Hetty kún wọn."

"Màdáámú, a kẹ́dùn o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n rí ò lè wà lórí idẹ kan náà pẹ̀lú àwọn akọni wa."

"Ṣé Connie mi wà níbẹ̀?"

"Ó wà níbẹ̀ dájúdájú. Constance Garbutt."

"Ta ló sọ fún yín pé òun ni?"

"Ó wà nínú ìwé wa."

"Mo ní ta ló sọ fún yín? Ẹ̀yin lẹ wẹ̀ ẹ́? Nọ́ńbà kẹtàdínlọ́gbọ̀n lẹ pè é."

Ọkùnrin náà wo bàtà rẹ̀. Ó ní kí a kọ̀wé wá, pé wọ́n máa gbé e yẹ̀ wò ní ìpàdé oṣù Karùn-ún. Oṣù méjì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣí pátákó!

Òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn, ṣùgbọ́n Nell kò dúró sídìí ẹkún. Láàrin ọjọ́ mẹ́rin, ó fẹsẹ̀ rìn káàkiri ìlú, ó wá gbogbo ẹbí àwọn mọ́kànlá yẹn rí: ẹni tó ń gbé lókè ilé ìtajà bàtà, ẹni tó ti kó lọ sí abúlé, bàbá àgbà kan tí kò rí nǹkan mọ́ tó sì ní kí wọ́n di òun lọ́wọ́ mú kóun fi fọwọ́ síwèé. Lánàá ni wọ́n gbé lẹ́tà wọn lọ fún ìgbìmọ̀. Wọ́n fún èmi náà ní ẹ̀dà kan, mo sì ń tẹ ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde níbí láìpa ọ̀rọ̀ kan rẹ́.

Wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ lọ sí kóòtù, kí wọ́n bá wọn bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fagi lé ẹjọ́ tí wọ́n dá Hetty Blenkin lẹ́bi. Wọ́n ní kí wọ́n gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi yẹn, kí wọ́n tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ará Ropery, kí àwọn obìnrin Ropery sì ṣe ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe fún un kí ilẹ̀ tó gbà á. Wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ dárúkọ ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aláìlẹ́nìkan, kí ẹni náà sì wá sọ ìdí rẹ̀ ní gbangba. Wọ́n ní kí orúkọ Hetty wà lórí idẹ. Bí ìgbìmọ̀ kò bá ṣe é kí ọjọ́ kẹtàdínlógún tó pé, kí wọ́n ha orúkọ àwọn mọ́kọ̀ọ̀kànlá náà kúrò, kí wọ́n fi nọ́ńbà tí wọ́n fún wọn rọ́pò rẹ̀, nítorí pé nọ́ńbà yẹn ni gbogbo ohun tí ìlú Garsby fúnra rẹ̀ mọ̀ nípa wọn.

Nell Garbutt ló kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Lábẹ́ orúkọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé: "Bí ẹ kò bá mọ Hetty, ẹ kò mọ ọmọ mi náà. Ẹ fún mi ní Connie mi padà."